Ìyá Kí-lo-rí: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Alágbàfọ̀ Tí Ó Fẹ́ràn Eré Tuntun

A bí màmá wa ní ọdún 1948, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé kan tí ó kọjú sí ojú irin, tí gbogbo ife inú rẹ̀ máa ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá. Bàbá wọn ni ó ń ṣí géètì tí ó sì ń tì í níbi tí títì àti ojú irin ti pàdé. Ìyá wọn jẹ́ alágbàfọ̀, ìyá ìyá wọn náà jẹ́ alágbàfọ̀. Màmá nìkan ni obìnrin nínú ọmọ tí àwọn òbí wọn bí, nítorí náà, láti kékeré ni gbogbo ilé ti mọ ẹni tí ọṣẹ máa kàn.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, àwa ọmọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń lọ káàkiri nípa ikú Màmá. Wọ́n ń sọ pé ẹnì kan gbọ́ igbe wọn, kò sì dìde. Òótọ́ ni pé ẹnì kan gbọ́. Ẹni náà ni aládùúgbò wa tí ó ń gbé ní abẹ́ yàrá Màmá, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ìsàlẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra, wọ́n sì ní àwọn kò ní ojú tí àwọn fi máa wá síbi ìsìnkú. A kọ ìtàn yìí kí gbogbo ẹni tí ó bá wá sin Màmá lè mọ irú ẹ̀dá tí wọ́n jẹ́, kí wọ́n sì mọ ìdí tí Ìyá Ìsàlẹ̀ fi jókòó. A bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ní ọdún 1954, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé náà kò gba ọmọ tí kò wọ bàtà wọlé, bàtà kan ṣoṣo ni ó sì wà fún Màmá àti àbúrò wọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Màmá ń lọ ní àárọ̀, àbúrò ń lọ ní ọ̀sán. Wọ́n máa ń pàdé lábẹ́ igi kan lẹ́bàá títì, Màmá á bọ́ bàtà náà, wọ́n á fi inú aṣọ wọn nù ún, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn délé. Bàtà náà tóbi fún àbúrò, nítorí náà bébà ni wọ́n ń kì bọ iwájú rẹ̀.

Ní ọdún 1958, wọ́gọ́nù ọkọ̀ ojú irin kan tí ó já, tí ó ń yí bọ̀ sẹ́yìn láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀, pa bàbá wọn níbi iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ Màmá parí níbẹ̀. Olùkọ́ kan wá sílé láti gba ìwé kíkà tí ilé ìwé fi yá wọn. Màmá sọ fún wa pé kò tíì ju ìdajì ìwé náà lọ tí àwọn kà, inú ìtàn ọmọ kan tí ó sọnù sínú ọjà ni àwọn wà, àwọn kò sì mọ̀ títí di òní bóyá wọ́n padà rí ọmọ náà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá ìyá wọn fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, torí pé omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí ó mú aṣọ. Ọṣẹ náà jẹ ìka Màmá débi pé iyọ̀ inú oúnjẹ máa ń ta wọ́n, ṣíbí ni wọ́n sì fi ń jẹ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fi ọwọ́ jẹ.

Ní ọdún 1969, Màmá fẹ́ bàbá wa, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi fóòmù àti aṣọ bo àga. Aṣọ àga ni bàbá kọ́kọ́ gbé wá fún fífọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó tún gbé e wá, ó tún gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta, láìsí ìdọ̀tí lára rẹ̀.

Màmá bi í pé, “Ṣé àga yín ń jẹun ni?”

Bàbá ní, “Rárá o. Ẹni tó máa jókòó lórí ẹ̀ ló ń wá.”

Wọ́n kó lọ sí yàrá méjì ní òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, nínú ilé tí a ṣì wà títí di òní. Òrùlé ń jò sórí ibùsùn wọn ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, inú ilé ìdáná ni wọ́n sì ń gbé ibùsùn náà lọ bí òjò bá ti ṣú. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí níbẹ̀. Ìkẹta, ọmọbìnrin, kú lọ́wọ́ àrùn èéyi ní ọdún 1975, kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn. Màmá kò sunkún níwájú wa. Wọ́n fọ gbogbo aṣọ ọmọ náà, wọ́n lọ̀ wọ́n, wọ́n ṣẹ́ wọn, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ inú àpótí.

Ní ọdún 1971 ni wọ́n ti gba Màmá síṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ kan tí kò jìnnà sí ilé ìkàwé ìlú. Aṣọ lílọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Ó di ọdún 1983 kí ohun tí ó sọ wọ́n di ẹni tí ẹ mọ̀ tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n rán wọn láti gbé aṣọ lọ fún àwọn òṣèré kan ní gbọ̀ngàn kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Àwọn òṣèré náà ní kí Màmá dúró gba hángà padà. Màmá dúró sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, eré sì bẹ̀rẹ̀.

Eré kúkúrú ni, irú èyí tí ó máa ń parí kí ìdí ènìyàn tó gbóná lórí àga. Àwọn obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ń ṣẹ́ aṣọ ibùsùn ìyá wọn tí ó kú. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ìyá náà rárá. “Mú igun yẹn.” “Fà á.” “Sún mọ́ mi.” Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ náà ku ìṣẹ́po kan, àbúrò kọ̀, kò sún mọ́ ẹ̀gbọ́n, nítorí bí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ tán, kò sí iṣẹ́ mìíràn tí ó kù tí wọ́n máa ṣe fún ìyá wọn. Iná kú sórí àwọn méjèèjì, wọ́n ṣì di aṣọ náà mú.

Màmá sọ fún wa pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn rò pé wọ́n ń fi iṣẹ́ àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó yá, àwọn rí aṣọ ọmọ tí ó wà nínú àpótí nílé. Wọ́n gbàgbé hángà. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ẹni tí ó kọ eré náà fi jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ èékánná.

“Ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi ni, mà.”

“O ṣì wà láàyè?”

Ọmọkùnrin náà wo ara rẹ̀. Ó ní, “Mo wà láàyè, mà. Ebi ló kàn ń pa mí.”

Màmá kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa eré láti ilé ìwé ni pé àwọn tí ó kọ wọ́n ti kú tipẹ́, wọ́n sì ti sin wọ́n pẹ̀lú ọlá. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tí ó ń wọ bọ́ọ̀sì, tí ẹsẹ̀ ń dùn, lè jókòó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kí ó sì kọ ohun tí ó wà nínú àpótí wọn. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé eré àtijọ́ ti ní ẹni tó ń yìn ín kí àwọn tó dáyé, ṣùgbọ́n eré tuntun dà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí: ó yẹ kí ẹnì kan wá wò ó, kí ó sì sọ ẹni tí ó fi ojú jọ.

Nítorí kí wọ́n lè máa ka àwọn eré náà fúnra wọn, Màmá forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ní ọdún 1984. Láti ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lọ, tìtìjú ni wọ́n sì ń jókòó torí òórùn sítáàṣì tí ó wà lára aṣọ wọn. Gílóòbù kan ni ó wà ní kíláàsì náà, àwọn tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kì í rí pátákó. Bàbá máa ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì, nítorí bọ́ọ̀sì ti máa ń tán kí wọ́n tó jáde. Màmá fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Wọ́n yege ní ẹ̀ẹ̀kejì, ní ọdún 1987, bàbá sì fi aṣọ pupa tí ó ṣẹ́kù nídìí iṣẹ́ bo àga kan fún wọn, ó ní àga ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn.

Bí Màmá ṣe ń wo eré kò jọ ti ẹlòmíràn. Wọn kì í jókòó síwájú, kí òṣèré má baà máa ṣe é fún wọn nìkan. Wọn kì í sì í sọ pé eré dára. Wọ́n ní “ó dára” kì í ṣe ọ̀rọ̀, ìkíni ni. Bí eré bá parí, wọ́n máa lọ bá ẹni tí ó kọ ọ́, wọ́n máa sọ ohun kan tí àwọn rí, ohun kan péré, bí ọwọ́ bàbá àgbà kan ṣe ń wá gíláàsì tí ó wà lójú rẹ̀, tàbí bí ẹnikẹ́ni kò ṣe dá ọmọ náà lóhùn nígbà tí ó béèrè oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n máa kọjú sí ẹni tí ó bá wà nítòsí, wọ́n á sì bi í pé, “Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?” Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti sọ wọ́n ní Ìyá Kí-lo-rí. Àwọn òǹkọ̀wé ọ̀dọ́ ń bẹ̀rù ìbéèrè yẹn, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò bóyá Màmá ti dé.

Nígbà tí bàbá béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn eré kúkúrú ju gígùn lọ, Màmá ní eré gígùn máa ń fún ènìyàn láyè láti sá sí kọ̀rọ̀, kí ó ronú nípa ọbẹ̀ tí ó wà lórí iná. Eré kúkúrú kì í fún ni láyè bẹ́ẹ̀. Kí o tó wá ibi sá sí, ó ti mú ọ.

Àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ẹ̀dà eré wọn. Màmá ń kà á sókè nílé bí wọ́n bá ń lọ aṣọ, gbogbo ẹni inú eré ni wọ́n sì ń ṣe: ohùn ọkùnrin, ohùn ọmọdé, ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá, ènìyàn tó ṣubú, tí wọ́n ń fi agbọ̀n aṣọ tí wọ́n jù sílẹ̀ ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọdún 1988, Ìyá Ìsàlẹ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé abẹ́ yàrá wa, fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn Màmá wọlé.

“Níbo ló wà?”

“Ta ni?”

“Ọkùnrin tó ń jágbe mọ́ yín yẹn! Ó tó gẹ́ẹ́! Kó jáde wá bá mi!”

Màmá ní, “Èmi ni.”

“Obìnrin tó ń sunkún ńkọ́?”

“Èmi náà ni.”

“Ọmọ tó ń bẹ̀ wọ́n?”

“Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni.”

Ìyá Ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ ibùsùn. Wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí àga pupa, wọ́n gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ lé itan.

“Ó dáa. Ṣé ó padà lù ú?”

“Mi ò tíì kà débẹ̀.”

“Ẹ kà á nígbà náà! Kí lẹ wá ń wò mí fún?”

Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí orúnkún Ìyá Ìsàlẹ̀ bàjẹ́ tí wọn kò lè gun pẹ́tẹ́ẹ̀sì mọ́, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn sí abẹ́ ibi tí Màmá ti ń lọ aṣọ, Màmá sì ń kọjú sí ilẹ̀ kàwé kí ohùn wọn lè wọ pákó lọ. Màmá tún ń pa orúkọ inú eré dà kí ó lè dùn mọ́ ọ̀rẹ́ wọn. Bàbá di adájọ́, bàbá di olè. Onílé wa kú nínú eré bíi mẹ́fà. Ìyá Ìsàlẹ̀ alára ti di ìyàwó, wọ́n ti di dókítà, wọ́n ti di ẹni tí àwọn kan ń bẹ̀ kí ó ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ wọn, inú wọn á dùn ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Ìjà kan ṣoṣo ni a rántí láàárín wọn. Màmá ń ka eré kan tí arúgbó obìnrin ti ń kú, tí ó ń retí ọmọ rẹ̀. Ohùn Màmá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́ ni Ìyá Ìsàlẹ̀ bá ké láti ìsàlẹ̀ pé, “Ẹ má kú o! Ẹ mú un mọ́ra! Ọmọ náà ti ń bọ̀!”

Màmá bínú. Wọ́n dojú bolẹ̀ sórí pákó, wọ́n fi ẹnu sí ibi tí ó là, wọ́n ní, “Ìyá Ìsàlẹ̀, bí mo bá ń kú nínú eré, ẹ jẹ́ kí n ráyè kú!”

Ìyá Ìsàlẹ̀ tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ fi àdéhùn sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ títí Màmá á fi fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé eré ti parí. Ìyá Ìsàlẹ̀ kò yẹ àdéhùn náà rí. Màmá ni ó ṣe òfin yìí. A fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé ìfọṣọ kógbá sílé ní ọdún 1996, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ fún àwọn ènìyàn nínú yàrá wọn. Ní ọdún 2009, bàbá wa kú. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, Màmá kò sunkún. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n lọ wo eré kan tí opó kan ti ń pe fóònù ọkọ rẹ̀ tí ó kú lójoojúmọ́, kí ó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó ń sọ pé òun kò sí nítòsí. Nínú eré náà, ilé iṣẹ́ fóònù wá fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà, àjèjì kan sì gbé e. Opó náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e mọ́.” Ibẹ̀ ni Màmá ti bú sẹ́kún, ẹkún ọkọ, ẹkún ọmọ, àwọn tí ó jókòó tì wọ́n ni ó dì wọ́n mú. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ni ó kọ eré náà. Màmá bi í pé, “Ta ló sọ fún ẹ?” Ọmọ náà ní, “Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, mà. Mo kàn ń fetí sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni.” Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn kò tètè fi í sílẹ̀.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá kì í pariwo. Wọ́n ń gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́, wọ́n sì ń lọ aṣọ funfun àwọn akọrin ìjọ lọ́fẹ̀ẹ́. Alùfáà wa béèrè lọ́wọ́ wọn nígbà kan pé, “Màmá, kí lẹ tún ń wá nínú eré? Ìtàn wo ni kò sí nínú Ìwé Mímọ́?” Màmá ní, “Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, sà. Àmọ́ àwọn ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tiwọn ni, kò tíì sẹ́ni tó bá wọn gbọ́ ọ.” Alùfáà bá wọn lọ lọ́jọ́ kan, ó sì sùn lọ. Màmá bi í pé kí ló rí. Ó ní, “Mo sinmi.” Màmá ní, “Ìyẹn náà dáa, ó ti rẹ̀ yín.”

Fún ìlú, Màmá ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ilé ìkàwé di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Wọ́n bẹ olùtọ́jú gbọ̀ngàn títí ó fi yọ̀ǹda Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù fún eré tuntun. Màmá fọ aṣọ ìkélé rẹ̀, gbogbo ilé wa ni ó sì bá wọn gbé e lọ sá. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò rọ̀, Màmá àti olùtọ́jú nìkan ni ó wá. Olórí àwọn òṣèré jáde wá bẹ̀ wọ́n.

“Màmá, ẹ máa lọ sílé. Kò sí èrò. Ẹ̀yin nìkan ni.”

Màmá ní, “Ká ní gbọ̀ngàn kún, ṣé mi ò tún ní jẹ́ ẹnì kan ni?”

Wọ́n ṣe eré náà dé òpin.

Ní ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹta ọdún 2023, Màmá sọ fún Ìyá Ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé pé ẹnì kan ti fún àwọn ní eré tuntun, àwọn máa kà á lọ́sàn-án. Nígbà tí ó tó àkókò, Ìyá Ìsàlẹ̀ gbé àpótí wọn sí àyè rẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lẹ́yìn ojú ìwé àkọ́kọ́, ohùn wọn yí padà. Nǹkan kan ṣubú. Ìyá Ìsàlẹ̀ rò pé agbọ̀n aṣọ ni. Lẹ́yìn náà ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní orúkọ, inú Ìyá Ìsàlẹ̀ sì dùn pé wọ́n ti tún fi àwọn sínú eré. Wọ́n pa ẹnu mọ́ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Wọ́n ń retí gìgísẹ̀.

Nígbà tí gìgísẹ̀ kò dún, tí òórùn aṣọ tó ń jóná sì wọlé, Ìyá Ìsàlẹ̀ tí kò gun pẹ́tẹ́ẹ̀sì láti ọdún pípẹ́ fi ọwọ́ àti orúnkún gun ún. Wọ́n yọ iná áyọ́ọ̀nù. Wọ́n gbé orí Màmá lé itan, ibẹ̀ ni a bá wọn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́ nínú ọpọlọ Màmá. Dókítà kò sọ pé bí wọ́n bá tètè gòkè ni Màmá ì bá yè. Kò sì sọ pé Màmá kì bá yè. A kò ní parọ́ ohun tí dókítà kò sọ.

Ọmọkùnrin Màmá tí ó ń wa ọkọ̀ ẹrù wà lójú ọ̀nà jíjìn nígbà tí ó gbọ́. Òun ni ó bínú jù nínú wa. Ó ní ojú òun kò gbọdọ̀ rí obìnrin yẹn. Ní ọjọ́ kejì tí ó dé, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìsàlẹ̀. Àwa yòókù sáré tẹ̀ lé e, nítorí a kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ìyá Ìsàlẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún náà. “Ọmọ mi, ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o ṣe fún mi. Mo gbọ́. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.”

Ó ní, “Kí lẹ gbọ́?”

Ìyá Ìsàlẹ̀ wò ó lójú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kì í sì í ṣe ohùn tiwọn ni ó jáde. Ohùn Màmá ni, pẹ̀lú ibi tí Màmá ti mí, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti dákẹ́. “Ìyá Ìsàlẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀, ó ti mú mi o. Ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Ẹ bá mi yọ iná áyọ́ọ̀nù, aṣọ aláṣọ ni. Ìyá Ìsàlẹ̀, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?” Wọ́n ní, “Màmá yín dúró díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, ‘Ó dáa. Bí ẹ bá ṣáà ti ń gbọ́.’ Ó parí. Mo ń gbọ́, ọmọ mi. Mi ò kàn dáhùn ni.”

Awakọ̀ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ tún un sọ.” Wọ́n tún un sọ. Ó ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú gbogbo àwa tí Màmá bí, kò sí ẹni tí ó wà nítòsí nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ó gbọ́ igbe náà, ó lè sáré, kí ó sì gbàgbé ohun tí ó gbọ́. Ẹni tí Màmá ti kọ́ láti máa fetí sílẹ̀ ni ó gbọ́ ọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí ó sọnù. Bóyá a ì bá fẹ́ kí ó sáré. A fẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Màmá kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹnì kan ń gbọ́ àwọn, òótọ́ sì ni.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sáyé: ọmọbìnrin wọn àgbà, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ọmọkùnrin wọn tí ó ń wa ọkọ̀ ẹrù, àti àbíkẹ́yìn, tí ó jogún ṣọ́ọ̀bù àga bàbá. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, àti ọmọ àwọn ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Àbúrò wọn, ẹni tí wọ́n jọ wọ bàtà kan, ṣì wà láàyè. Àwọn òǹkọ̀wé eré tí wọ́n ń pè wọ́n ní Màmá pọ̀ ju èyí tí a lè kà lọ, díẹ̀ nínú wọn ni ó máa gbé pósí.

Ìyá Ìsàlẹ̀ kò tíì gbà pé àwọn máa wá. Ní àná, wọ́n ní bí àwọn bá tiẹ̀ wá, ẹ̀yìn géètì ni àwọn máa dúró sí. Awakọ̀ sọ fún wọn pé òun ni òun máa gbé wọn wá, láàárín àwa ọmọ ni wọ́n sì máa jókòó, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n máa bá òun jà títí a ó fi dé itẹ́ òkú. Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹ bá rí ìyá àgbà kan nínú wa tí orúnkún ń dùn, ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ẹ má yẹra fún wọn. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ kí wọn bí ẹ ṣe ń kí àwa ọmọ: ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn náà ni òfò yìí ṣẹ̀.

Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ sinmi ọwọ́, kí ẹ sinmi ohùn. Kí Ọlọ́run gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kí Ó sì tu ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ nínú. Ẹ sùn ire o.